Oògùn Yọ̀rọ̀ àti Eégbọn fún Ológbò: Èwo Ló Yẹ ní Rírà?

Ní àwọn ìsọ̀ oògùn ẹran nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, yálà ní Tákíé tàbí ní ẹ̀bá ọjà, ẹni tó bá ní yọ̀rọ̀ ń yọ ológbò òun lẹ́nu yóò rí èyí tí à ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn, ọ̀já ọrùn, èyí tí à ń pò mọ́ omi àti ẹ̀tù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pa yọ̀rọ̀. Ohun tí oògùn náà lè ṣe fún ológbò fúnra rẹ̀ ló yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀.

Oníṣòwò kan ta ike kékeré kan fún mi láìsí páálí, ó ní kí n kán ìdajì rẹ̀ sí ológbò mi lára, pé ajá ló ń lo odindi. Permethrin, èròjà apakòkòrò kan, ló wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, etí ẹran náà ti ń gbọ̀n, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fò, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó sì yá, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Omi lílọ́ wọ́rọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ ni mo fi wẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ gbígbẹ wé e, mo sì gbé e lọ bá dókítà ẹran. Ó yè, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú náà ì bá ra ojúlówó oògùn ológbò fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ̀dọ̀ ajá lè sọ permethrin di ohun tí ara lè lé jáde. Ti ológbò kò lágbára bẹ́ẹ̀. Oògùn ajá tí à ń kán sọ́rùn lè ní permethrin tó ìdá 45 sí 65 nínú 100, nítorí náà ìdajì, àní ẹ̀kán mélòó kan pàápàá, ti pọ̀ jù. Àmì lè yọ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ kó tó hàn. Kò ní ẹ̀rọ̀ kan pàtó. Ìgbọ̀nrìrì náà ni dókítà yóò máa dá dúró títí oògùn yóò fi kúrò lára. Bí ẹ bá fi í sí ajá ilé yín lára, ẹ ya ológbò sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta.

Èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò gan-an, bíi fipronil tàbí selamectin, ní àlébù tirẹ̀. Irun lè re níbi tí ẹ kán an sí, awọ ibẹ̀ sì lè pọ́n. Bí ẹran náà bá lá a, itọ́ lè máa hó lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé oògùn náà korò, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń dáwọ́ dúró, ara kì í sì í sábà gbọ̀n. Ẹ ya irun ìsàlẹ̀ agbárí sí méjì kí awọ hàn, kí ẹ kán an síbẹ̀, níbi tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dé. Fipronil ń pa eégbọn pẹ̀lú yọ̀rọ̀. Selamectin dára fún yọ̀rọ̀ àti kòkòrò inú etí, àmọ́ kò ṣeé gbára lé fún eégbọn. Ẹni tó ń sin ehoro kò gbọdọ̀ jẹ́ kí fipronil kan ehoro náà rárá, nítorí ó lè pa á.

Ọ̀já ọrùn tó ní flumethrin àti imidacloprid, tí wọ́n kọ orúkọ ológbò sí, lè ṣiṣẹ́ fún oṣù 7 sí 8. Èyí tí kò kọ èròjà rẹ̀ sára, ẹ dá a padà.

Amitraz àti diazinon tí à ń pò mọ́ omi, màlúù àti ajá ló ni wọ́n. Ẹ̀tù náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí gbogbo ohun tó bá wà lára ológbò ni yóò lá. Kẹrosíìnì tí àwọn kan fi ń ra ológbò lára kì í ṣe oògùn.

Ẹni tí kò fẹ́ máa rántí láti kán oògùn lóṣooṣù lè ra ọ̀já. Ẹni tí eégbọn ń dà láàmú, kó ra fipronil ti ológbò, òun náà ni mo ń lò báyìí. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, òòyà eléyín kéékèèké ni kí ẹ fi yọ yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Nídìí àtẹ, ẹ gba páálí náà sọ́wọ́, kí ẹ wo àwòrán ológbò, ìwọ̀n kílò àti orúkọ èròjà. Bí oníṣòwò bá ti tú u, tó ń tà á ní ẹyọ ẹyọ, ẹ bọ́ sí ìsọ̀ mìíràn.