Òfin ìbọn tó le àbí ẹ̀ṣọ́ inú igbó: èwo ló ń dín ìwà ipá kù?

Láti June 5, 2022, tí wọ́n pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀, ìbéèrè yìí kò kúrò lẹ́nu ará Oǹdó.

Òfin kì í wọ́n láti ṣe. Ti 1959 tí à ń lò ti le tẹ́lẹ̀: ìbọn ológun kò sí fún aráàlú láìgba àṣẹ Ààrẹ, ìbọn ọdẹ náà nílò láíséǹsì. Australia mú òfin tiwọn le ní 1996, ìjọba ra ìbọn bíi 650,000 padà lọ́wọ́ aráàlú, ìpakúpa sì dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n omi ló yí wọn ká. AK-47 tó gba ẹnubodè wa wọlé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ kì í sì í ní nọ́mbà lára tí ọlọ́pàá lè fi tọpa rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ bí Àmọ̀tẹ́kùn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, mọ igbó, àmọ́ ìnáwó lórí owó oṣù, ọkọ̀ àti epo wọn kì í dáwọ́ dúró. Ohun ìjà ló burú jù. Ẹni tó gbé ṣakabùlà á rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, á yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọta 30 ló wà nínú AK-47 kan. Ẹ má rán wọn lọ láìsí ṣọ́jà nítòsí.

Bó bá jẹ́ ìjà ilẹ̀, ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn tàbí ìbínú inú ilé ní Àkúrẹ́, ẹ mú láíséǹsì àti títa ẹ̀tù le. Bó bá jẹ́ ajínigbé lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́, ẹ̀ṣọ́ ló yá.