Kíkọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ olúwo àti kíkọ́ ọ lórí fóònù: èwo ló ń la ojú inú?

Odù 256, ìyẹn àwọn orí tí ẹsẹ Ifá pín sí, ti wà nílẹ̀ láti ayébáyé, UNESCO sì ti kéde Ifá ní 2005 pé ohun àjogúnbá tó ṣe iyebíye fún gbogbo aráyé ni. Síbẹ̀, ẹni tí ojú inú rẹ̀ là ṣọ̀wọ́n.

Ti fóònù rọrùn. Ẹni tó wà ní London tàbí São Paulo lè gbọ́ Èjì Ogbè, odù àkọ́kọ́, kó tó sùn, owó dátà nìkan ló máa ná. Á mọ ẹsẹ lórí, á mọ̀ ọ́n kì dáadáa. Ó parí síbẹ̀.

Lẹ́sẹ̀ olúwo ńkọ́? Ọmọ awo á máa da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń dá Ifá, á máa dárúkọ odù tó bá yọ títí yóò fi mọ́ ọn lára. Á já ewé, á gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá, á sì jókòó tì í nígbà tí abiyamọ bá ń sunkún níwájú ọpọ́n. Ibẹ̀ ló ti ń rí bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ òdodo láì dójú ti èèyàn. Ìyà wà níbẹ̀ o, n kò ní parọ́: ọ̀gá mìíràn á sọ ọmọ di ẹrú, òmíràn á gbé ìmọ̀ wọ sàréè.

Lójú tèmi, fóònù dára fún ìránnilétí. Àmọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ ni Ifá ń tẹnu mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń hù ú la sì ti ń kọ́ ọ, fún ọdún gbọọrọ. Àwọn tó ráyè ìyẹn lóde òní ò pọ̀.