Ẹ̀rọ tó ń fa omi egbò: bó ṣe ṣe mí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ilé-ọmọ

Mo háyà ẹ̀rọ yìí nígbà tí ojú iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ilé-ọmọ mi kẹ̀, tó sì là láti ìdodo lọ sísàlẹ̀. Kó tó dé, aṣọ mi kì í gbẹ. Omi ń jò, òórùn ń yọ, mi ò lè jókòó láàárín èèyàn. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ kimo, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, nígbà tí egbò ṣì ń ṣọyún.

Ẹ̀rọ náà kì í pa kòkòrò àrùn o. Àwọn dókítà ti kọ́kọ́ tú okùn tí wọ́n fi rán an, wọ́n fọ ọyún jáde, wọ́n gé ẹran tó ti kú dànù, wọ́n sì kọ oògùn apakòkòrò fún mi. Ìgbà tí inú egbò mọ́ ni nọ́ọ̀sì tó ki fóòmù bọ̀ ọ́, ó fi ọ̀rá tó ń lẹ̀ bò ó pinpin, ó so róbà mọ́ ọn. Tèmi ń fà ní 125 mmHg (ìwọ̀n agbára tó fi ń fà) tọ̀sán tòru, gbogbo omi ń lọ sínú ike. Aṣọ mi gbẹ lọ́jọ́ náà. Mo sunkún ayọ̀.

Pípààrọ̀ fóòmù ló le. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta síra ni, ẹran ara sì máa ń dì mọ́ ọn. Ẹ ti lo oògùn ìrora ṣáájú, kí nọ́ọ̀sì da omi iyọ̀ ọsibítù sí i, kó rin dáadáa kó tó fà á. Ẹ bá a ka fóòmù tó wọlé àti èyí tó jáde. Tí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù sínú, egbò á tún kẹ̀.

Kò yẹ kí ẹ̀rọ kú ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́ nígbà tí fóòmù bá wà nínú egbò. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ẹ béèrè bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó. Ìnfátà ló gbà mí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé e lé egbò tí jẹjẹrẹ ṣì wà nínú ẹ̀, tàbí ibi tí ìfun ti hàn síta. Bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí wọ́n sábà máa ń fún wa lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Bí ojú iṣẹ́ abẹ yín bá ṣì pa dé, ẹ fi owó yín sápò. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2021 gbé ẹ̀rọ yìí lé ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún àwọn obìnrin bíi tèmi. Kò dín ìṣòro egbò kù. Ohun tí mo bá fẹ́ kí ẹ béèrè ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni bóyá wọ́n máa ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin iṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn. Ìwádìí ChEETAh, tó jáde ní 2022, ṣe é ní orílẹ̀-èdè 7, Nàìjíríà àti Benin wà níbẹ̀: egbò tó ń kẹ̀ wálẹ̀ láti 18.9 sí 16 nínú 100. Owó ìbọ̀wọ́ kò súnmọ́ owó ẹ̀rọ rárá.

Egbò mi kún láti ìsàlẹ̀ wá, kimo sì bẹ̀rẹ̀. Mo fún ẹ̀rọ náà ní 4 nínú 5. Èyí tí mo yọ jẹ́ ti owó: ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, fóòmù àti ike ò sí nínú ẹ̀, ẹni tó háyà ẹ̀ fún mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rọ fi wọlé.