AC Corolla 2003 sí 2008 nínú ooru Àbújá

Tó bá jẹ́ ti títutù nìkan, AC Corolla yìí kò lẹ́sùn lọ́rùn. Nínú ooru oṣù kẹta, tí gbogbo Àbújá ń gbóná janjan, inú ọkọ̀ á ti tutù kí ẹ tó ti Wuse dé Jabi. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Agbára ẹṣin bíi 130 ni ẹ́ńjìnnì 1.8 tó wá láti Amẹ́ríkà ní, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń sáré gan-an ló ń pé bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì ló ń yí kọ̀mpírẹ́sọ̀ AC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀, ó sì lè gba agbára ẹṣin 3 sí 5. Ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà Lokoja. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya sí AYA, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí pẹ̀lẹ́, ló ti ń hàn, pàápàá tí èèyàn márùn-ún bá wà nínú ọkọ̀.

Ní ti epo, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé nínú ooru gbígbóná, AC lè dín ibi tí lítà kan ń gbéni dé kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìn kúkúrú ló burú jù, torí ooru tó ti sápamọ́ sínú ọkọ̀ ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń kọ́kọ́ bá jà. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ tì wọ́n, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tó ń yí atẹ́gùn inú ọkọ̀ po.

Tí ọkọ̀ bá wá kú sára ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan AC, ẹ má kàn dá AC lẹ́bi, ẹ wá ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Eruku ọ̀yẹ́ máa ń dí kọ́ńdẹ́ńsà iwájú rédíétọ̀, níbi tí gáàsì AC ti ń tu ooru jáde: omi pẹ̀lẹ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, omi alágbára ń tẹ ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ wo fáànù rédíétọ̀ náà. Tí AC bá ń gbóná tí ẹ bá dúró, tó sì ń tutù tí ẹ bá ń rìn, fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Gáàsì àpọ̀jù náà wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ oní-AC ẹ̀bá títì kì í wọn nǹkan kan, wọ́n á ṣáà máa da R134a, gáàsì tó ń mú AC tutù, sí i títí páìpù á fi tutù lọ́wọ́. Ọkọ̀ kékeré báyìí kì í gbà ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ (iye rẹ̀ wà lára sítíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì), agolo kan tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ gíráàmù 340. Gáàsì kì í ṣe gààrí tí wọ́n ń fi èènì sí: tó bá ti pọ̀jù, ìfúnpá inú páìpù á ga, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á wúwo, ẹ́ńjìnnì náà á sì wúwo. Kí wọ́n fa atẹ́gùn inú páìpù AC jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó tan AC níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀ díẹ̀, kó sì tún gbéra lójú ẹsẹ̀. Tó bá ń gbọ̀n tàbí tó fẹ́ kú, ilé túrótù (ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) tó dọ̀tí ló sábà máa ń fà á, fífọ̀ rẹ̀ kò wọ́n. Àmọ́ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ń lọ irin, ẹ yí kọ́ńdẹ́ńsà pẹ̀lú rẹ̀, torí èérún irin tó bá wọ inú kọ́ńdẹ́ńsà kì í ṣe é fọ̀ tán, òun ló sì ń pa kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun.