Ìwé tí Amẹ́ríkà fi ń ṣírò pẹ́pẹ́yẹ tí ọdẹ wọn pa: mo yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá gbọ́

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un, kẹ́ ẹ má sì sọ pé mo ṣahun, torí tí kì í bá ṣe ti apá ẹyẹ tí mo máa dé orí ẹ̀ láìpẹ́, méjì péré ni ǹ bá fún un. Ìwé tí mò ń sọ ni èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹja àti ẹran igbó, U.S. Fish and Wildlife Service, ń gbé jáde lọ́dọọdún nípa iye ẹyẹ aṣíkiri tí àwọn ọdẹ wọn pa, ibi tí wọ́n kọ ti pẹ́pẹ́yẹ igbó sí lèmi máa ń sáré lọ. Ọ̀fẹ́ ni o, PDF ni, ẹni tó bá ti ní dátà lè fà á sórí fóònù ẹ̀.

Ẹ̀yin Èkìtì Kete, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìkún nínú pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Arkansas, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì gan-an tí pẹ́pẹ́yẹ igbó sì máa ń ya wọ inú oko ìrẹsì ọ̀hún nígbà òtútù, baba wa sì ti ṣọdẹ ọ̀yà àti ẹtu títí orúnkún fi ní ó tó, so nígbà tí ọmọ yìí máa débẹ̀, ìbọn ló kọ́kọ́ rà kó tó ra àga tó máa jókòó lé. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ká gbé táblẹ́ẹ̀tì wọ abúlé lágbègbè Ìjerò, Ọ̀tùn àti Ẹ̀fọ̀n, ká máa bi àgbẹ̀ pé iṣu mélòó lẹ wà lọ́dún tó kọjá, kòkó tẹ́ ẹ ká tó báàgì mélòó. Tẹ́nì kan bá wá sọ fún mi pé ìbéèrè lòun fi mọ iye ẹyẹ tí odindi orílẹ̀-èdè pa, ara mi máa ń fura, torí mo mọ ohun tí ẹnu ọmọ aráyé lè fi nọ́ńbà ṣe.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe kíkà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bíi ti ìkànìyàn 2006 wa tí wọ́n ní àwọn ń wọ ojúlé dé ojúlé. Àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ wọn tó mílíọ̀nù kan sókè sódò, kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ lé gbogbo wọn wọnú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n máa ń ṣa díẹ̀ ni, wọ́n á bi àwọn yẹn léèrè, wọ́n á wá fi ìṣirò gbé e dé orí gbogbo àwọn tó kù. Láti 1952, ọ̀dọ̀ àwọn tó ra sítáǹpù pẹ́pẹ́yẹ ní pósófíìsì ni wọ́n ti ń ṣa èèyàn (sítáǹpù yẹn, tó dà bí ìwé àṣẹ ọdẹ, ti wà láti 1934, ọdẹ tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní in), àmọ́ àwọn tó kàn ń kó sítáǹpù jọ sílé náà ń rà á, ọmọ kékeré tó ń bá bàbá ẹ̀ ṣọdẹ ò sì sí nínú ẹ̀. Ní 1992 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ètò tuntun wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, HIP (Harvest Information Program) ni wọ́n ń pè é, kí àwọn ọdún 1990 sì tó parí ó ti kárí, Hawaii nìkan ló yọ sílẹ̀. Bó ṣe wà báyìí, kó o tó yìnbọn lu pẹ́pẹ́yẹ, wàá forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tó o ti fẹ́ ṣọdẹ, wọ́n á bi ẹ́ pé lọ́dún tó kọjá ṣé o pa pẹ́pẹ́yẹ rárá, tó o bá pa, ṣé kò ju mẹ́wàá lọ àbí ó jù bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe kíkà o, kò sí nọ́ńbà ẹyẹ kankan nínú ìwé náà tó tibẹ̀ jáde. Wọ́n ń fi pín àwọn ọdẹ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni, àwọn tó pa púpọ̀ lọ́tọ̀, àwọn tó pa díẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn tí ò pa nǹkan kan lọ́tọ̀, kí wọ́n lè ṣa èyí tó pọ̀ lára àwọn apẹyẹ gidi, kí wọ́n má máa kọ̀wé sí ẹni tó kàn ra lẹ́sẹ́ǹsì jù sílé. Ó mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ta ló ń bi ìbéèrè ọ̀hún? Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwọ̀ ẹja àti ọta ìbọn ni, tí èrò sì ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi ní èyí tó dá òun lóhùn ò tiẹ̀ gbójú sókè wo òun, òdo, òdo, òdo ló ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà títí ó fi dé ìsàlẹ̀, ó ní kó mówó wá. Ẹ wá wò ó o, ọmọ tí fìríìsà ẹ̀ kún fún pẹ́pẹ́yẹ ti di ara àwọn tí ò pa nǹkan kan. Nínú ọ̀wọ́ yẹn, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń ṣà, ẹnì kan sì ń dúró fún ogunlọ́gọ̀, tó bá wá jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣà, ẹyẹ ẹ̀ á di ìlọ́po lọ́nà tí kò yẹ, tí wọn ò bá sì ṣà á, wọn ò ní gbúròó ẹ̀ rárá. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ra lẹ́sẹ́ǹsì ni wọ́n ń tì wọnú HIP, ẹni tó jẹ́ àgbọ̀nrín nìkan ló ń pa náà wà ńbẹ̀. Mo rí irú ẹ̀ níbi iṣẹ́ tèmi dáadáa, tí orúkọ tí wọ́n kó lé èèyàn lọ́wọ́ bá ti dàrú látìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìṣirò tó fẹ́ tún un ṣe. Ìràwọ̀ kan odindi já bọ́ níbí.

Ká wá sọ ti ẹnu. Tí wọ́n bá ṣà ẹ́, wọ́n á ní kó o máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó o bá ṣe ń tinú ọdẹ dé, ọjọ́ wo ni, àdúgbò wo ni, mélòó lo pa, mélòó lo yìn tó já bọ́ tó o ò rí i gbé. Ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti ń di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn dáa ju kí wọ́n dúró dìgbà tí àsìkò ọdẹ bá parí pátápátá kí wọ́n tó wá béèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mò ń sọ yìí ò kọ ọ́ bó ṣe ń dé o. Kérésì ló wá sílé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba wa, fóònù lọ́wọ́ kan, iyán lọ́wọ́ kejì, ó ń kún fọ́ọ̀mù. Mo ní, "Sátidé àkọ́kọ́ tó o jáde yẹn, mélòó lo pa?" Ó ní, "Á tó mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyàwó ẹ̀ gbọ́ ọ láti ìdí ààrò, ó ní, "Mẹ́fà bí i ti bàwo? Mẹ́rin ni mo tu ìyẹ́ ẹ̀." Mẹ́fà sì ni òfin gbà fún ọdẹ kan lóòjọ́ lágbègbè wọn, ibẹ̀ lẹnu kàn máa ń sáré lọ. Àwọn àgbẹ̀ mi náà ńkọ́, igba iṣu ni gbogbo wọn máa ń wà, mi ò tíì pàdé ẹni tó wa 183. (Ó yí i sí mẹ́rin o, ojú tì í.)

Ti ọdẹ tún wá le jù torí ẹni méjì lè yìnbọn lu ẹyẹ kan ṣoṣo, kí kálukú délé kó ní òun lòun pa á. Ẹni tí ò rí nǹkan kan pa kì í tiẹ̀ fẹ́ dá lẹ́tà wọn padà, ẹni tó pa á yalé ló máa ń yá lára láti fèsì. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹni tó ti aago mẹ́rin òru dúró nínú omi tó fẹ́ẹ̀ dì, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa rọrùn fún láti kọ òdo sílẹ̀?

Ẹ má rò pé mò ń fi imú ara mi gbóòórùn o. Àwọn onímọ̀ wọn gan-an ti fura tipẹ́. Wọ́n máa ń fi òrùka irin sẹ́sẹ̀ àwọn ẹyẹ kan, ọdẹ tó bá pa á á fi nọ́ńbà orí ẹ̀ ránṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 mú iye òrùka mallard (irú pẹ́pẹ́yẹ igbó kan) àti ti Canada goose (ẹyẹ omi tó jọ pẹ́pẹ́yẹ àmọ́ tó tóbi jù ú lọ) tí àwọn ọdẹ fi jíṣẹ́, wọ́n ro ti àwọn tí kì í jíṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n wá fi wé iye ẹyẹ olórùka tí ìṣirò ìjọba ní wọ́n pa. Ti ìjọba ló ga jù.

Kí ló wá dé tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ dà á nù? Kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí ní Ọjà Ọba l'Ádó, tó bá ṣáà ti jẹ́ kóńgò kan náà nìyá oníyẹn fi ń wọn gàrí fún ẹ lọ́jọọjọ́ ọjà, wàá ṣì mọ̀ bóyá gàrí ti gbówó lórí. Nọ́ńbà wọn ga jù, àmọ́ bó ṣe ga lọ́dún yìí ló ṣe máa ga lọ́dún tó ń bọ̀, èèyàn lè fi mọ̀ bóyá pípa ń pọ̀ sí i àbí ó ń dín kù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ kóńgò, ìgbà sítáǹpù yàtọ̀ sí ìgbà HIP, ìgbà ìwé yàtọ̀ sí ìgbà íntánẹ́ẹ̀tì, so ẹni tó bá mú nọ́ńbà 1985 tó fi ń bá ti 2010 jà, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Wọn ò sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ka orí ìwé yìí nìkan, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú ka pẹ́pẹ́yẹ lágbègbè tí wọ́n ti ń yé ẹyin láti 1955, ìyẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pinnu ọjọ́ mélòó làwọn ọdẹ máa fi yìnbọn. Nílé wa ńbí, ọ̀yà tí wọ́n ń nà sókè sí onímọ́tò lójú títì, ta ló kà á rí?

Ó wá ku apá ẹyẹ, ibi tí mo nífẹ̀ẹ́ jù nínú gbogbo ètò yìí. Láti 1961 ni wọ́n ti ń ní káwọn ọdẹ kan káàkiri orílẹ̀-èdè máa fi apá kan lára pẹ́pẹ́yẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa ránṣẹ́, ẹ́nfílóòpù tí ìjọba ti sanwó ẹ̀ ni wọ́n ń kó fún wọn, ẹyẹ kan, ẹ́nfílóòpù kan. Lọ́dún tí wọ́n ṣa àbúrò mi fún un, ó ṣe é lójú mi lórí fídíò. Ó gé apá náà níbi oríkèé tó so ó mọ́ra, ó nà án sórí ìwé ìròyìn, búlúù tó ń kọ yànràn wà láàárín ẹ̀, ìlà funfun kan lókè, ìlà funfun kan nísàlẹ̀, ó ní mallard nìyẹn. Ó ká a, ó tì í wọnú ẹ́nfílóòpù, ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ ìpínlẹ̀ àti àdúgbò, ẹ̀jẹ̀ ti kàn án létí, kò bìkítà, ó fi ahọ́n lá a pa. Tí àsìkò ọdẹ bá parí, àwọn onímọ̀ ẹyẹ á péjọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ẹyẹ ń gbà kọjá láti àríwá wá sí gúúsù, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, apá á kún iwájú wọn, wọ́n á máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, irú wo ni, ṣé akọ ni àbí abo, ṣé ọmọ tọdún yìí ni àbí àgbà. Ìyẹ́ ọmọ tọdún yìí máa ń tínrín, etí ẹ̀ á ti jẹ, ti àgbà á fẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá àwọn ẹyẹ bímọ dáadáa lọ́dún yẹn. Ọdẹ tó bá ń fọ́nnu pé mallard lòun pa, tó sì jẹ́ gadwall tó jẹ́ pé funfun ló wà láàárín apá tiẹ̀, wọ́n á kàn ṣí ẹ́nfílóòpù ni. Lórí irú ẹyẹ, akọ àti abo, ọmọ àti àgbà, mo gba ìwé yìí gbọ́ ju bí mo ṣe gbà á gbọ́ lórí iye lọ. Wọ́n ní kí ọdẹ fi ti gbogbo ẹyẹ tó bá pa ránṣẹ́, èmi ṣì ń fura pé ẹlòmíì máa ń fi akọ tó rẹwà ránṣẹ́ kó gbàgbé abo aláwọ̀ ilẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò tó nǹkan.

Ìwé náà fúnra ẹ̀ kò dára wò, táblì lórí táblì ni, fóònù kékeré á pa yín lójú. Àwọn nọ́ńbà gbogbogbòò, tó máa ń yí mílíọ̀nù mẹ́wàá pẹ́pẹ́yẹ ká láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, dúró sán-ún níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ti rántí pé ó ga díẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ kékeré bíi Rhode Island, tàbí ti ẹyẹ tí kò wọ́pọ̀, ẹ má fi búra. Iye tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè fi lọ sókè tàbí sódò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú àmì ±, ẹ wo ìyẹn kẹ́ ẹ tó wo nọ́ńbà fúnra ẹ̀, èyí tí tiẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ìdajì, ẹ fò ó. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé jáde kì í sì í ṣe àṣekágbá, wọ́n máa ń tún un ṣe nínú ti ọdún tó bá tẹ̀ lé e, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un bá ẹnì kan jiyàn, ti ọdún tó ti kọjá tí wọ́n ti tún ṣe ni kẹ́ ẹ mú dání.