Shostakovich, síídì márùn-ún, látọwọ́ Emerson String Quartet

Ó ti lé lóṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ síídì yìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń rò ó bóyá kóun ra á mọ nǹkan tó fẹ́ dáwọ́ lé. Gbogbo iṣẹ́ 15 tí Shostakovich, ará Rọ́ṣíà tó ń kọ orin sílẹ̀ fáwọn tó ń lo ohun èlò, kọ fún violin méjì, viola kan (ó tóbi díẹ̀ ju violin lọ) àti cello kan (ó tóbi jù wọ́n lọ, ohùn ẹ̀ sì rinlẹ̀ jù) ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́rin tó ń jẹ́ Emerson ló sì ta á. Iwájú èrò gan-an ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ní Aspen ní Amẹ́ríkà, láàárín 1994 sí 1999. Ó gba Grammy, ó sì tọ́ sí i.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ má dán an wò o. Ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀ débi pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á bò ó mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá yí fọ́líúmù sókè, ibi tó le á kàn bú mọ́ yín létí lójijì ni. Òru, earpiece tó dáa, kẹ́ ẹ paná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Nọ́ńbà 8. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni baba yẹn fi kọ ọ́, ní July 1960, ní Gohrisch tí ò jìnnà sí Dresden, ìlú tí bọ́ǹbù ti run nígbà ogun. Ìrántí àwọn tí ogun àti fásíìsì pa ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀, àmọ́ ó kọ lẹ́tà sọ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ Glikman pé tóun bá kú òun ò rò pé ẹnikẹ́ni máa kọ orin ìrántí òun, ìyẹn lòun fi kúkú kọ tòun fúnra òun. Nóòtì mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni: tẹ́ ẹ bá pè é bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pe nóòtì, D-S-C-H ni, ìyẹn D fún Dmitri àti Sch tó bẹ̀rẹ̀ Shostakovich bí àwọn ará Jámánì ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ onídùńdún tó ń fi ìlù pe èèyàn lórúkọ á tètè yé, àfi pé èyí ò sẹ́ni tó ń náwó fún onílù, òun fúnra ẹ̀ ló ń pe ara ẹ̀. Cello ló kọ́kọ́ pè é, àwọn yòókù wá ń gbà á lẹ́nu ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. David Finckel tó ń ta cello ò kánjú rárá níbẹ̀, mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Apá kejì ni wọ́n wá ti sáré, ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gé e bí àdá, kò sì sẹ́ni tó já sílẹ̀.

Nọ́ńbà 15 ni mi ò gbà fún wọn tán. Apá mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ló falẹ̀, 1974 ló kọ ọ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Wọ́n ta á mọ́ jù lójú tèmi. Borodin Quartet tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ nígbà ayé ẹ̀, tiwọn máa ń wúwo lọ́kàn mi ju báyìí lọ.

Ṣùgbọ́n Nọ́ńbà 13, háà! Wọ́n ń fi ọrun gbá pákó violin, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn lóru, lẹ́yìn náà viola Lawrence Dutton á dá nìkan gòkè, á ń gòkè, títí táwọn violin á fi bá a lórí nóòtì kan ṣoṣo tó ń le sí i tó ń le sí i, tó wá gé pátá.

Violin lèmi náà ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Sọ́ńdè tó kọjá, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo rọra ta nóòtì mẹ́rin yẹn, ọmọ tó ń ta viola wa sì fi mẹ́rin kan náà dá mi lóhùn. Mi ò mọ̀ pé òun náà ti ń gbọ́ ọ.