Bọ́ọ̀sì ni àbí rélùwéè? Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó

Ẹ̀yin tí a jọ ń ta ayò ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ bá ń lọ pàdé àwọn ọ̀ta Èkó, ìyẹn àwọn tó mọ ayò ta dáadáa níbẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà, ọkàn mi kò sì balẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn.

Bọ́ọ̀sì rọrùn: ẹ wọ̀ ọ́ ní gáréèjì, ó di Berger lẹ́nu ọ̀nà Èkó. Àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lè jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín. Èkó lálẹ́ kò dára fún àlejò tó gbé ọpọ́n há abíyá, tó ń bèèrè ọ̀nà kiri. Ojú fèrèsé ọkọ̀ gan-an ni àwọn jàgùdà ti ń já fóònù gbà.

Ti rélùwéè, ẹ ó kọ́kọ́ dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Láti 2021 ló ti ń gbé èrò, kìlómítà 157 ni, títí dé Alágoméjì ní Yábàá. Kì í dúró de apẹ́lẹ́yìn o. Ìdájí ni kí ẹ ti kúrò nílé.

Rélùwéè ni mo fara mọ́, pàápàá fún àwọn bàbá wa. Kí ẹni tó bá ní ará tó máa pàdé rẹ̀ ní Berger wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ ṣáà má wọ ọkọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, wọn-ṣáànsì pọ̀. Ẹ di ọmọ ayò 48 yẹn dáadáa sínú àpò, kí ẹ sì pè wá tí ẹ bá ti gúnlẹ̀.